Aṣọ Òjò fún Ẹṣin Bàbá Mi

Kí bàbá mi tó gbà láti kúrò ní agboolé wa wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin, nǹkan méjì ni wọ́n ní kí n ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà náà, egungun ìbàdí wọn kán, dókítà sì ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí gbangba. Èkejì ni pé ẹṣin wọn ń bá wọn bọ̀.

Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣeré.

Abo ẹṣin funfun ni, imú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ti dàgbà débi pé òkè ojú rẹ̀ méjèèjì ti jìn kòtò. Nínú gbogbo ẹṣin tí bàbá mi ti sìn, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Oníṣòwò ni ìran wa. Láti ilẹ̀ Haúsá ni àwọn baba ńlá wa ti kó ọjà wá sí Ìlọrin tí wọn ò padà mọ́, ẹṣin ò sì wọ́n nílé wa rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló ń wọ ibùso. Iṣẹ́ tiwa obìnrin ò ju ká pọn omi, ká po èèrí mọ́ ọkà bàbà, ká gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ká sì padà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó fọwọ́ kan orí ẹṣin láìsí ọkùnrin kan nítòsí. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Tanke. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ilé mi, ilẹ̀ méjì wà tí wọn ò tíì kọ́. Ẹni tó ni ín ń gbé òkè òkun, ó ti mọ ògiri yí i ká, koríko sì ti gba ibẹ̀ kan. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ẹṣin náà jọ̀wọ́ bá òun ro oko òun. Mo ní kí káfíńtà kan ibùso kékeré mọ́ ẹ̀yìnkùlé mi, a fi páànù bò ó. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, màá ṣí ẹṣin sílẹ̀ sínú koríko. Tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, màá mú un wọlé, màá fún un lóúnjẹ. Bàbá mi á wà lójú fèrèsé, wọ́n á máa sọ ohun tí mo ń ṣe tí kò dára fún mi. Oṣù díẹ̀ la fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń rò pé mo mọ iṣẹ́ náà.

Òjò ló fi hàn mí pé n kò mọ̀ ọ́n. Ọdún yẹn, nígbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró díẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ó ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹṣin náà á sì dúró sí àárín koríko, á kọ ìdí sí afẹ́fẹ́, á jẹ́ kí omi máa ṣàn lẹ́yìn òun. Ní ọjọ́ kan tí mo fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ara rẹ̀, mo rí i pé irun ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ ní ṣóńṣó-ṣóńṣó, bí orí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tí wọn ò fọ̀. Mo fà á díẹ̀. Èépá kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tirun-tirun, awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń ṣomi. Ẹṣin náà gbọ̀n, ó sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Mo ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wá, ó wọ bàtà òjò dé orúnkún, kò sì dà bíi pé ó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi wò ó láti ojú fèrèsé. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹṣin náà láti ọrùn dé ìdí, ó gé lára èépá náà sínú ike kékeré, ó wá ní, "Àìsàn òjò nìyí, mà. Omi ló ń rẹ awọ, tí kòkòrò inú rẹ̀ fi ń ráyè. Màá fún un lábẹ́rẹ́, màá sì fún yín lóògùn tí ẹ ó fi máa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ ò bá gbẹ, asán ni gbogbo rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Mo ti ẹṣin mọ́ ibùso. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀, ara rẹ̀ gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì wú láti pátákò dé orúnkún, ó rí gbọ̀ngbọ̀n bí ẹsẹ̀ àga. Ó tún ń fi orí gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí dókítà padà wá, ó tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ìka rẹ̀ jìn síbẹ̀, kò tètè padà sípò.

"Ó ti dàgbà, mà. Ẹ̀jẹ̀ ò lọ sókè sódò mọ́ tí ò bá rìn. Ó gbọ́dọ̀ máa jáde."

Mo ní, "Dókítà, tó bá wọlé, ẹsẹ̀ á wú. Tó bá jáde, ẹ̀yìn á jẹrà. Èwo ni ká wá ṣe?"

Ó ní, "Ẹ wọ aṣọ fún un."

Mo wò ó. Ó ṣàlàyé pé ní ìlú tó tutù, wọ́n ní aṣọ tí ẹṣin ń wọ̀ lọ jẹko. Àwọn kan nípọn bíi tìmùtìmù, ìyẹn ò kàn wá. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò nípọn rárá, aṣọ ẹyọ kan ṣoṣo, tí omi ò lè wọ̀ láti òde, tí ooru ara sì lè gbà jáde láti inú. "Kì í ṣe torí òtútù la fi fẹ́ ẹ," ó ní. "Kò sí òtútù kankan níbí. Torí òjò ni. Ẹ má wá èyí tó nípọn o, ẹ ó sè é jinná."

Nígbà tó lọ, mo lọ sọ fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fi ọwọ́ di ìbàdí wọn mú torí ó ń dùn wọ́n.

"Ìyá mi," wọ́n ní. Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, torí orúkọ ìyá wọn ni wọ́n sọ mí. "Ẹṣin àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń wọ̀ láṣọ, lọ́jọ́ ọdún. Tí ọdún bá ti kọjá, wọ́n á bọ́ ọ. Àtìgbà tí mo ti dáyé, n ò rí ẹṣin tó wọ aṣọ lọ jẹko."

"Bàbá, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ kékeré yẹn?" Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Tapólì ni mo kọ́kọ́ dán wò, torí òun ló wà nílé. Mo gé e, mo fi okùn dè é mọ́ ọn ní ikùn àti láyà. Òjò dá láàárín ọ̀sán ọjọ́ yẹn, oòrùn sì yọ. Nígbà tí mo dé láti ilé-ẹ̀kọ́ tí mo tú u, ooru tó jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò lórí iná. Ara ẹṣin náà rin ju bí òjò ì bá ṣe rin ín lọ. Bàbá mi sọ fún mi pé gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, tapólì náà ń pariwo pàtàpàtà, ẹṣin á sì sáré yí ògiri ká bí ẹni tí ejò ń lé. Àgbàlagbà ẹṣin! Mo ká a kúrò. Mo tún lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù, mo rí búláńkẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi, kò sí ẹyọ kan tí omi ò ní mu bíi kànìnkànìn.

Ìgbà yẹn ni mo wá pe àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní ìlú òyìnbó.

Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n kún ìgboro níbí. Ẹ kàn wọn ẹṣin yẹn, kí ẹ fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Gígùn ara rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa béèrè."

Gígùn ara. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ bíi mélòó ní bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan! Mo mú téèpù, mo fi orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọrùn ẹṣin náà níbi tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, mo fà á gbọọrọ lórí ẹ̀yìn dé ibi tí ìrù ti hù. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ̀n méjèèjì bára mu. Mo fi ránṣẹ́. N ò béèrè lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n ti rín mi lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rín mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹni tó ń bọ̀ wálé ló bá wa gbé aṣọ náà wá. Aṣọ aró dúdú ni, ó fúyẹ́ bí aṣọ agboòrùn, ó sì lágbára. Ó ní ìdè irin méjì láyà, ọ̀já méjì tó gba abẹ́ inú kọjá bí àgbélébùú, àti etí kan tó bo ìrù mọ́lẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ fún ẹṣin lọ́jọ́ Sátidé. Ihò tó kẹ́yìn ni ìdè àyà dé kó tó gbà, mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí, kó má baà máa yọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, ó gbẹ, kò gbóná. Inú mi dùn gan-an ni. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní ọjọ́ kẹta, mò ń yẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wò ní pálọ̀ nígbà tí bàbá mi ké sí mi láti yàrá.

"Ìyá mi, ẹṣin yẹn ò na ẹsẹ̀."

Mo lọ wò ó lójú fèrèsé. "Bàbá, koríko ló ń jẹ."

"Mo ní kò na ẹsẹ̀. Wo ẹsẹ̀ iwájú. Ó ń rìn bí obìnrin tí ìró há mọ́ lára."

"Ọjọ́ orí ni, Bàbá."

"Mo mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe bí i."

Mo padà sídìí ìwé mi. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni. Aṣọ yẹn, èmi ni mo wá a rí. N ò fẹ́ gbọ́ pé ó ní àbùkù.

Lọ́jọ́ kejì, mo bọ́ aṣọ náà láti fi oògùn fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Èjìká rẹ̀ méjèèjì ti pá. Irun ti lọ lójú ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, awọ àárín rẹ̀ sì ti bó. Lórí egungun tó yọ sókè níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, aṣọ náà ti jẹ ẹ́ dé ẹran. Ẹṣin náà ò ta mí nípàá láti ìgbà tó ti ń dùn ún. Ó kàn ń sún ẹsẹ̀ ni, ohun tó fi ń sọ fún mi nìyẹn, mo sì ti pè é ní ọjọ́ orí.

Mo lọ bá bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ."

Wọn ò bínú. Wọ́n béèrè ibi tó ti bó, mo fi hàn wọ́n lára tèmi. Wọ́n wá ní, "Gbé ọ̀pá mi wá. Mu okùn dání."

Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé mi, wọn ò tíì jáde kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fún wọn ní ọsibítù, igun yàrá ló máa ń wà, wọ́n ní ti aláìsàn ni. Ọjọ́ yẹn wọ́n fi rìn. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé ò tó ogójì ìṣísẹ̀, ó gbà wá tó ìgbà tí èèyàn á fi kí ìrun kan tán. Ẹrẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀pá náà mì, mò ń fà á yọ. Nígbà tí a dé ẹnu ibùso, ẹṣin náà gbé etí sókè, ó sì hó gbùrùgbùrù nínú imú. Bàbá mi gbé iwájú orí wọn lé e lọ́rùn. Mo kọjú sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Níbo lo ti wọ̀n ọ́n?"

Mo fi hàn wọ́n.

"Ẹ̀yìn lo wọ̀n. Ṣé ẹ̀yìn nìkan ni aṣọ ń bò? Nígbà tí télọ̀ bá ń rán bùbá fún ọ, ṣé kì í wọn àyà?" Wọ́n ní kí n fi orí okùn sí àárín àyà ẹṣin náà gan-an, kí n mú un yí ṣóńṣó èjìká ká, kí n fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, kó lọ gbọọrọ títí dé ibi tí itan ẹ̀yìn parí sí. Wọ́n sọ kókó síbẹ̀. Nígbà tí a tẹ́ ẹ lé téèpù, ó fi ìbú ọwọ́ méjì gùn ju tèmi lọ.

"Gàárì tí kò bá ẹṣin mu, ẹni tó gùn ún á mọ̀," bàbá mi ní. "Ìdí á ta á. Aṣọ tí kò bá a mu, ẹṣin nìkan ló mọ̀."

Àbúrò mi fẹ́ ra òmíràn, ṣùgbọ́n a ò mọ ìgbà tí ẹni tó máa gbé e wá máa wà, òjò ò sì dúró de ẹnì kankan. Mo ká aṣọ tó há náà, mo di okùn bàbá mi sínú àpò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Ṣàngó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rán ìbòrí ìjókòó mọ́tò àti ti ọ̀kadà. Òun ló bá mi ṣe ìjókòó mọ́tò mi nígbà kan, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún.

Ó na aṣọ náà sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Àlájà, mọ́tò wo nìyí?"

"Ẹṣin ni."

Ó gbé e sílẹ̀. "Ẹṣin tó ń jẹ koríko?"

"Òun ni."

"Ó dáa. Ṣé ó máa wá fún ìwọ̀n?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ mi dáadáa. Mo sọ fún un pé kí omi má wọlé, kí ooru máa jáde, kó má fi bẹ́ẹ̀ wúwo, kó má pariwo. Ó kọ́kọ́ mú awọ ìjókòó jáde, mo ní ó wúwo. Ó mú ọ̀rá kan tó nípọn, mo sọ ìtàn tapólì fún un. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó mú aṣọ kan tí wọ́n fi ń rán àpò ẹ̀yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀. Ó tẹ́ ẹ sí ọwọ́ bí abọ́, ó da omi sí i. Omi náà dúró gbirigbiri, kò jò. Ó da omi náà nù, ó gbé aṣọ náà sẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo fi ọwọ́ sí òdìkejì, mo rí i pé èémí rẹ̀ ń kọjá díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Díẹ̀ lẹ fẹ́ àbí?"

Mo ní, "Díẹ̀ ti tó."

Fún èjìká, ó ní aṣọ inú tó máa ń yọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú kóòtù, ni òun máa fi tẹ́ ẹ nínú kó má baà máa ha irun. Ó sì ní òun máa rán ìṣẹ́po sí iwájú èjìká méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí abẹ́ apá agbádá, kí ẹsẹ̀ lè ráyè nà. Ìyẹn ò sí lára aṣọ òyìnbó tó há yẹn. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gbé e wá sí Basin fúnra rẹ̀. Kò tíì sún mọ́ ẹṣin rí, ó sì jọ pé ó ti gbàgbé ìyẹn títí ó fi rí i. Ó dúró lẹ́yìn mi. "Ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ?" Bàbá mi ti jókòó sórí àga níwájú ibùso, wọ́n ní, "Télọ̀ nìkan." Ó gbà á gbọ́ fún ìṣẹ́jú kan.

A wọ̀ ọ́ fún ẹṣin. Ó kọjá ibi tí egungun èjìká ti yọ sókè, ó jókòó síwájú rẹ̀ díẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ìdè àyà gbà láìsí pé a fa nǹkan kan. Bàbá mi ní kí n ki ọwọ́ bọ ọrùn rẹ̀, ọwọ́ mi wọlé ní ìrọ̀rùn. Wọ́n ní kí n ki ọwọ́ sí abẹ́ ọ̀já inú, ó gba ìbú ọwọ́ kan. Tó bá há jù, kò ní lè mí dáadáa, tó bá sì dẹ̀ jù, á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nígbà tó bá fẹ́ dìde nílẹ̀. Télọ̀ ti ń ká àwọn irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ó ti dáa, Bàbá. Ó mú un bí ìbọ̀wọ́."

"Kò tíì dáa," bàbá mi ní. "Ó nàró báyìí ni. Ṣé bí yóò ṣe máa dúró látàárọ̀ nìyí? Ẹ jẹ́ kó jẹun ná."

Mo ṣí i sínú koríko. Ó rìn díẹ̀, ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Bó ṣe tẹ orí mọ́lẹ̀ ni aṣọ náà fà le lójú àyà, etí ọrùn rẹ̀ sì sá sẹ́yìn, ó gun orí egungun tó bó náà lọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí i lẹ́ẹ̀kan náà. A bọ́ aṣọ náà, télọ̀ ò sì jiyàn. Ó gbé ìdè irin òkè wálẹ̀ ní ìka mẹ́ta, ó tú ojú abẹ́rẹ́ ọrùn, ó ní kí ọrùn náà fẹ̀ sí i. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní mi níbẹ̀, ó fi ọwọ́ rán an. Nígbà tó yá, òun àti ẹṣin mọ ara wọn lójú débi pé nígbà tí ẹṣin na imú sí àpò ẹ̀wù rẹ̀, kò sá mọ́, ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀."

Nígbà tí a tún wọ̀ ọ́ fún ẹṣin, tó sì tẹ orí mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ náà dúró síbi tó wà. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú, ó nà án. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ yẹn títí ó fi rìn dé ògiri.

"Ẹ ṣeun," wọ́n sọ fún télọ̀. "Àlùbáríkà á wọ iṣẹ́ yín."

Ọgbẹ́ èjìká rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó jinná. A kò wọ aṣọ náà fún un fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, àyàfi tí òjò bá ṣú, dókítà sì fún wa ní ìpara. Lẹ́yìn ìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀nà rẹ̀. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, aṣọ lára. Tí oòrùn bá yọ, aṣọ kúrò, torí ara tí kò rí afẹ́fẹ́ náà á jẹrà. Ìṣòro ni pé mo wà ní Tanke ní ọ̀sán. Bàbá mi ló gba ìyẹn ṣe. Wọ́n á fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn dé ẹnu ọ̀nà pápá, wọ́n á pè é, á wá, wọ́n á tú ìdè àyà àti ọ̀já inú, aṣọ náà á sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mú un, nítorí náà inú koríko ni mo ti máa ń bá a tí mo bá dé. Nígbà mìíràn ẹṣin náà á ti dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀.

Nígbà tí òjò fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, èépá ti bọ́ tán, irun tuntun sì ti hù. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán. Ní èjìká, irun tó hù padà kò rí bákan náà pẹ̀lú tàtijọ́, ó le díẹ̀, ó sì ká wọ ara, téèyàn bá fọwọ́ pa á lára, á mọ ibẹ̀. Mo máa ń mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí dókítà wá wò ó kẹ́yìn, ó yẹ aṣọ náà wò fínnífínní, ó yí inú rẹ̀ síta, ó wo ìṣẹ́po èjìká rẹ̀. Ó béèrè bóyá òun lè ya fọ́tò rẹ̀, torí ẹnì kan ní ọ̀nà oko ní ẹṣin tó ní irú àìsàn yẹn. Bàbá mi ní kó yà á, ṣùgbọ́n kó sọ fún ẹni náà pé kó má yá aṣọ yìí, kó má sì yá ìwọ̀n rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀dọ́bìnrin náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, wọ́n fi okùn hàn án bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, láti àárín àyà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní wọn ò kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì.

"Wọn ò lè fi kọ́ yín," bàbá mi ní. "Wọn ò mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ pé oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá mi fúnra wọn ò tíì rí ẹṣin tó wọ aṣọ lọ jẹko.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, mo gbé aṣọ náà jáde láti inú àpótí, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lásán, mo sá a. Mo wọ̀ ọ́ fún ẹṣin, ìdè àyà kò dé ibi tó máa ń dé tẹ́lẹ̀. Ẹṣin náà ti sanra. N ò fà á le. Mo bọ́ ọ, mo mú téèpù, mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín àyà, mo kọ ìwọ̀n tuntun sílẹ̀, mo sì pe télọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí n gbé e wá, pé òun ṣì ní díẹ̀ nínú aṣọ àpò yẹn.